Agbọ̀n àti Àgbọn

Gegele kékeré kan ló gba oorun lójú mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò ga, kò sì fẹ̀. Inú àwòrán tó ń fi hàn bí agbára afẹ́fẹ́ tí mo ń wọ̀n ṣe pín, láti ohùn tó nípọn dé ohùn tó tín-ín-rín, ló wà. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ wo àwòrán náà kò ní rí i. Ìlà kan ló ń dà gẹ̀rẹ̀ láti òkè wá sílẹ̀, gegele náà sì jókòó sí èjìká rẹ̀ lápá òsì, ní nǹkan bíi 150 Hz, ìyẹn ìgbọ̀n 150 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí àlejò tí ẹnikẹ́ni kò pè. Ọ̀gá mi wò ó, ó ní, "Afẹ́fẹ́ ti rú níbẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀, ká máa lọ."

Ìlà náà rẹwà lóòótọ́. Ó dà sílẹ̀ bí Kolmogorov, onímọ̀ ìṣirò ará Rọ́ṣíà, ti sọ lọ́dún 1941 pé ó yẹ kó dà nígbà tí ìṣàn bá ti rú tán: àwọn ìyípo ńlá ń fọ́ sí kékeré, kékeré ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, agbára sì ń dín kù létòletò bí wọ́n ti ń fọ́. Ẹni tó bá rí irú ìlà bẹ́ẹ̀ a máa rò pé iṣẹ́ ti parí. Èmi náà fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìṣàn tó ti rú tán kì í ní gegele. Kí ni èyí ń wá níbẹ̀?

## Mo fura sí iná, mo fura sí fáànù

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. A ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba orí irin pẹlẹbẹ kan kọjá nínú wind tunnel, ihò ńlá tí fáànù ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbà kọjá, a sì fẹ́ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ tó ń fara nu irin náà ti ń kúrò ní títòrò tó ń di rírú. Ohun tí a fi ń gbọ́ ọ ni wáyà gbígbóná, okùn irin tungsten tín-ín-rín tí kò ju 5 micrometre lọ, ìyẹn ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà kan. Irun orí kan nípọn tó ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀. Iná ń mú wáyà yìí gbóná, afẹ́fẹ́ ń mú un tutù. Bí afẹ́fẹ́ bá yára sí i, ẹ̀rọ á fi iná kún un kí wáyà má baà tutù, bí afẹ́fẹ́ bá dẹwọ́, á dín in kù. Iná tó ń lọ sókè sódò yẹn ni à ń kọ sílẹ̀, ìgbà 20,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, nọ́ńbà 1,200,000 ti wà nílẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ń jókòó ka irú òkìtì bẹ́ẹ̀. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe ni pé ká gé e sí wẹ́wẹ́, ká gbé ègé kọ̀ọ̀kan fún ìṣirò tí Fourier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé jáde nínú ìwé rẹ̀ lórí ooru lọ́dún 1822, ká wá pín gbogbo èsì rẹ̀ dọ́gba. Á sọ fún ọ bí agbára tó wà nínú ohùn tó nípọn ṣe pọ̀ tó, àti èyí tó wà nínú ohùn tó tín-ín-rín. Láti ọdún 1965 tí Cooley àti Tukey ti fi ọ̀nà tó yára hàn fún kọ̀ǹpútà láti ṣe é, kí o tó mí lẹ́ẹ̀mejì, ó ti parí. Bóyá yíyára yẹn gan-an ló jẹ́ ká gbàgbé pé ó yẹ ká wo ohun tí à ń lọ̀ kó tó wọ inú ẹ̀rọ.

Iná mànàmáná ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ti ilẹ̀ yìí ń gbọ̀n nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 150 sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Mo pa gbogbo iná yàrá, mo yọ ṣájà kúrò lára ògiri, mo tún wáyà tó ń wọlẹ̀ so. Gegele kò mira. Mo wá dín eré afẹ́fẹ́ kù. Ó sún! Ó kúrò ní 150, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sápá òsì. Iná mànàmáná kò mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ń yára tàbí ó ń falẹ̀, nítorí náà iná kọ́.

Ó ku fáànù, torí pé bí a bá dín afẹ́fẹ́ kù, fáànù náà dín eré kù nìyẹn. Mo gbé wáyà kúrò nítòsí irin, mo gbé e sókè sáàárín ihò náà, níbi tí ariwo fáànù kò ti ní ibì kan tó lè sá pamọ́ sí. Kò sí gegele kankan níbẹ̀. Mo dá a padà sí mílímítà mélòó kan sí irin, ó tún yọ. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ti ìṣàn fúnra rẹ̀ ni, nínú ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ tó fara kan irin. Ohun tí kò yé mi ni ohun tí ohùn kan ṣoṣo tó dá dúró ń ṣe láàárín afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa gbà pé ó ti rú.

## Gángan láti Ọ̀yọ́

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń gbé ní Ọ̀yọ́, onílù ni wọ́n. Lọ́jọọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń bá ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ṣeré lórí WhatsApp, kí Yorùbá má baà di àjèjì lẹ́nu ọmọ náà. Gángan ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ya agbọ̀n kan àti àgbọn kan sórí ìwé, ó tẹ́ méjèèjì síwájú. Bí gángan bá ké re-do, agbọ̀n ni. Bí ó bá ké do-re, àgbọn ni.

"Ìyá mi, kí ni mo lù yẹn?"

"Àgbọn ni, Bàbá!"

"Ìyẹn ńkọ́?"

"Agbọ̀n!"

Kì í ṣì í.

Lọ́jọ́ Àìkú kẹta tí gegele yẹn ti ń dààmú mi, kọ̀ǹpútà wà níwájú mi, ètò ìṣirò náà sì wà ní ṣíṣí. N kò lè sọ ohun tó mú mi ṣe é. Mo gba ohùn ìlù méjèèjì sílẹ̀ láti orí fóònù, mo gé wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo gbé wọn fún ètò kan náà tí mo fi ń wo afẹ́fẹ́. Àwòrán méjì jáde. Mo gbé ọ̀kan lé èkejì, ó bò ó mọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ká aṣọ kan sí méjì. Òkè kan ní ibi ohùn do, òkè kan ní ibi ohùn re. Àgbọn nìyẹn. Agbọ̀n náà sì nìyẹn.

Mo jókòó síbẹ̀ pẹ́. Nínú yàrá kejì, mo ń gbọ́ tí ọmọ náà ń ké "agbọ̀n!", "àgbọn!", tí kò ṣi ọ̀kan pe. Ohun tí ẹ̀rọ mi kò gbọ́ ni òun gbọ́, torí pé òun mọ èyí tó ṣáájú. Ẹ̀rọ mi mọ pé do wà níbẹ̀, re sì wà níbẹ̀, kò mọ ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé. Kódà bí o bá yí ohùn kan padà láti ẹ̀yìn síwájú, àwòrán tí à ń yà yìí, tó ń wọn agbára nìkan, kò ní yí padà rárá. Òfin ìṣirò ni. Mo ti kọ́ ọ nílé ìwé, mo ti yege nínú ìdánwò rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo tó gbọ́ ọ.

Kí n má purọ́ mọ́ Fourier. Ìṣirò rẹ̀ kò sọ ìgbà nù. Ó pa á mọ́ sínú apá kejì èsì rẹ̀, apá tó ń sọ ibi tí ìgbì kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Àwa la ń ju apá yẹn nù nígbà tí a bá sọ pé agbára nìkan la fẹ́, a tún wá pín in dọ́gba kí ìlà lè dán. Bí òwe bí òwe là á lùlù àgídìgbó. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá da gbogbo ìró ìlù sínú agolo kan tó sì mì í pọ̀, kí ni yóò jó?

## Mo ṣí i wò

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán lọ́jọ́ Ajé tí mo fi dé yàrá iṣẹ́. N kò gbé nọ́ńbà náà fún ìṣirò kankan. Mo ya á sójú kọ̀ǹpútà bí wáyà ṣe kọ ọ́, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lẹ́ẹ̀kan, mo sì ń wò ó lọ díẹ̀díẹ̀.

Ìlà náà tòrò. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó, wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́, ìgbì mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, gbogbo wọn sì jọra bí ọmọ ìyá. Mo wọn àlàfo tó wà láti orí ìgbì kan dé orí èkejì: ìdá kan nínú 150 ti ìṣẹ́jú àáyá kan. Gegele mi nìyí! Kí n tó gbé ọwọ́ kúrò, ìlà náà fọ́ yángá, bí ìgbà tí ìlẹ̀kẹ̀ bá já tó sì dà sórí sìmẹ́ǹtì, kò sí ìgbì kankan tí ojú lè tọ̀ mọ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ó dáwọ́ dúró. Ó wá tòrò, ó tòrò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́, àwọn ìgbì tún dé.

Afẹ́fẹ́ náà kò tíì rú tán. Ó ń rú, ó ń tòrò, ó tún ń rú. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, nǹkan bíi 40 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò náà ló fi rú. Ìyókù jẹ́ títòrò, tàbí ìgbì tó ń dàgbà. Ìpíndọ́gba wa ti da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Rírú lágbára, ohùn rẹ̀ sì gbilẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìlà fi rí bíi ti Kolmogorov. Àwọn ìgbì jẹ́ẹ́jẹ́ yẹn kò rí àyè ju kí wọ́n ṣe gegele kékeré kan lọ.

Ìgbì wọ̀nyí ní ìtàn tó wú mi lórí. Tollmien ní Jámánì ti fi ìṣirò sọ lọ́dún 1929 pé wọ́n gbọ́dọ̀ wà, Schlichting sì fi kún un lọ́dún 1933. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà wọ́n gbọ́, torí pé kò sẹ́ni tó rí wọn rí. Ariwo tó wà nínú afẹ́fẹ́ wind tunnel ìgbà náà pọ̀ ju ìgbì lọ. Ìgbà tí Schubauer àti Skramstad rí ihò afẹ́fẹ́ tó dákẹ́ lò ní National Bureau of Standards ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì ń wo ohun tí wáyà gbígbóná ń kọ ní tààràtà, ni ìgbì náà tó yọjú, tó mọ́ kedere. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, wọ́n fi iṣẹ́ náà pa mọ́. Ọdún 1947 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé. Lọ́dún 1951, Emmons fi hàn pé rírú kì í dé lójú ẹsẹ̀ káàkiri. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí erékùṣù kéékèèké, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbòòrò bí ìṣàn ti ń gbé e lọ. Ohun tó ń fọ́ yángá níwájú mi ni erékùṣù wọ̀nyẹn, wọ́n ń kọjá lórí wáyà mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

## Ìtàná kan ní Manchester

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ronú sí Osborne Reynolds, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́ ní Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́nà mìíràn. Gbogbo ẹni tó kọ́ nípa ìṣàn ló mọ ọ̀pá onígíláàsì rẹ̀ ti ọdún 1883, omi nínú rẹ̀, àti aró tó ń tọ̀ ọ́ lọ bí okùn. Ohun tí a kì í sábà sọ ni ohun tó ṣe nígbà tí okùn aró náà já. Lójú lásán, aró ti tàn ká inú omi, gbogbo rẹ̀ ti di àwọ̀ kan. Reynolds wá fi iná mànàmáná tàn yẹ̀rì sí i, ìtàná kan ṣoṣo tó wá tó sì lọ. Nínú ìmọ́lẹ̀ ìṣẹ́jú akàn yẹn, àwọ̀ tó dọ́gba yẹn kò dọ́gba mọ́: ìlọ́po, ìkákò, ìyípo oríṣiríṣi ló kún ọ̀pá náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró.

Ojú wa ń pín nǹkan dọ́gba. Bí nǹkan bá yára ju ojú lọ, ojú á lọ̀ ọ́ pọ̀. Reynolds kò yí omi padà, kò yí aró padà. Ìgbà tó fi wò ó ló gé kúrú. Òun náà ló kọ̀wé pé, nítòsí ibi tí ìṣàn ti fẹ́ rú, ìdàrúdàpọ̀ máa ń dé lójijì, á kọjá lọ, á tún dé, bí ìgbà tí nǹkan bá ń kọ mànà. Ó ti rí ohun tí èmi rí, láìní kọ̀ǹpútà.

Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀ kí a tó dá ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ lóhùn: nínú ọ̀pá, níbo gan-an ni rírú ti ń di ohun tí kò ní kú? Lọ́dún 2011, Avila, Hof àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sọ pé nígbà tí nọ́ńbà Reynolds, tó ń fi eré ìṣàn àti fífẹ̀ ọ̀pá wé bí omi ṣe ki tó, bá tó nǹkan bíi 2040 ni. Bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ló jọ mí lójú. Wọn kò wo ìpíndọ́gba kankan. Ìdì rírú kọ̀ọ̀kan tó ń kọjá nínú ọ̀pá ni wọ́n ń tọ̀ lẹ́yìn: báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kó tó kú, báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kó tó pín sí méjì? Ibi tí ikú àti ìbí ti dọ́gba ni 2040. Ìṣirò ìdílé ni, bí a ti ń ṣe é fún èèyàn.

## Ìgbì tí a gé kúrú

Kí la wá máa lò? Gabor ti dá a lábàá lọ́dún 1946 pé ká máa gba ojú fèrèsé kékeré wo ohùn, ká gbé fèrèsé náà lọ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ fèrèsé ní ìyà tirẹ̀. Kí o tó lè sọ pé do ni ìlù ké, ó di dandan kí o jẹ́ kí awọ náà gbọ̀n lẹ́ẹ̀mélòó kan. Bí fèrèsé bá há jù, o mọ ìgbà, o kò mọ ohùn. Bí ó bá fẹ̀ jù, o mọ ohùn, ìgbà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Kò sí ẹ̀rọ tó lè bọ́ nínú èyí, bó ti wù kó wọ́n tó.

Ilé iṣẹ́ epo ni ìrànlọ́wọ́ ti wá. Jean Morlet, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń bá Elf ṣiṣẹ́, ń gbọ́ ohùn tó ń padà bọ̀ láti inú ilẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá mi ilẹ̀ náà tìtì, kí wọ́n lè mọ ibi tí epo wà. Ó rí i pé fèrèsé kan ṣoṣo kò tó. Ó gbé ìgbì kékeré kan kalẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀, tó ga, tó sì kú. Ó ń fún un pọ̀ láti gbọ́ ohùn tín-ín-rín, ó ń fà á gùn láti gbọ́ ohùn tó nípọn. Òun àti Grossmann tẹ ìṣirò rẹ̀ jáde lọ́dún 1984. Wavelet ni wọ́n ń pè é. Marie Farge wà lára àwọn tó gbé e wọ inú ìmọ̀ ìṣàn rírú, àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti ọdún 1992 ni mo sì fi kọ́ ọ.

Kí n tó fi wo afẹ́fẹ́, gángan ni mo kọ́kọ́ fi dán an wò. Àwòrán méjì jáde, wọn kò jọra: nínú ọ̀kan, ohùn ń sọ̀ kalẹ̀ bí àkókò ti ń lọ, nínú èkejì, ó ń gòkè. Mo wá gbé ti afẹ́fẹ́ sí i. Nǹkan pẹlẹbẹ kan yọ níbi 150 Hz, ó ń pọ́n sí i, ó ń pọ́n sí i, lẹ́yìn náà ni gbogbo òkè rẹ̀ gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ohùn pátá. Òkùnkùn tẹ̀ lé e. Ìyẹn ni títòrò tó ń tẹ̀ lé erékùṣù.

Ohun kan ṣì wà tí wavelet kò bá mi tán. Kí n tó sọ pé afẹ́fẹ́ rú fún 40 nínú ọgọ́rùn-ún, mo ní láti fa ìlà kan: ohun tó bá ga jù ú lọ, rírú ni, ohun tí kò bá tó o, títòrò ni. Ta ló fa ìlà náà? Èmi ni. Nígbà tí mo gbé e sókè díẹ̀, 40 di 35. Nígbà tí mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di 50. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ ibi tí mo fa ìlà sí sínú gbogbo ìjábọ̀ mi, inú sì ń bí mi bí mo bá ka iṣẹ́ ẹlòmíràn tí kò kọ tirẹ̀. Ẹni tó sọ fún mi pé nǹkan dàrú ní ìdá báyìí, tí kò sọ ohun tó pè ní dídàrú, ó ṣì kù díẹ̀ kó bá mi sọ̀rọ̀.

## Òjò oṣù kẹjọ

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ìyá mi lórí fóònù, n kò rò pé yóò nítumọ̀ sí wọn. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n ní, "Ṣé bí àwọn tó ń ka òjò lórí rédíò nìyẹn?" Mo ní báwo, Mọ̀mí? Wọ́n ní àwọn èèyàn yẹn máa ń sọ pé òjò ọdún yìí tó, kò dín. Ṣùgbọ́n àgbàdo kì í mu òjò ọdún. Ìgbà tí òjò dáwọ́ dúró nínú oṣù kẹjọ ni àgbẹ̀ ń wò, bóyá ó tètè dáwọ́ dúró, bóyá ó pẹ́ kó tó padà. Òjò ọdún méjì lè dọ́gba lórí ìwé, kí àgbàdo ọ̀kan gbó, kí ti èkejì gbẹ mọ́ ìdí.

N kò rí ẹni tó ṣàlàyé iṣẹ́ mi jù báyìí lọ. Ibi tí nǹkan bá ti ń yí padà, yálà ìṣàn tó fẹ́ rú tàbí ìgbà òjò tó fẹ́ di ẹ̀rùn, ibẹ̀ ni ìpíndọ́gba ti ń ṣì wá lọ́nà jù, torí pé ohun méjì tí kì í ṣe ọ̀kan náà ló ń dà pọ̀. Níbi tí ìṣàn bá ti rú tán, mo ṣì ń lo àwòrán Fourier, mo sì fọkàn tán an. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń kọ́kọ́ wò ó ní ìhòòhò ni.

Mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ bá ọ̀gá mi. Wọ́n wo ìlà tó ń jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ náà, wọ́n yí i padà, wọ́n tún un wò. Wọn kò sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n gbé àwọn ibi mẹ́jọ tó ṣáájú wá, àwọn tí a ti kọ sílẹ̀ pé wọ́n rú. Ìyẹn ni mo ń ṣe lọ́wọ́ báyìí. Mo ti wo mẹ́ta. Gegele wà nínú méjì.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, bàbá lu ohun tuntun: re, lẹ́yìn náà mi. Ọmọ náà wo àgbọn, ó wo agbọ̀n, kò mú ìkankan. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá fò kúrò nídìí fóònù, ó fọwọ́ bo orí, ó ń pariwo, "Agbọ́n! Agbọ́n ni, Bàbá, ó fẹ́ ta mí!"